Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà: Ṣé Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀ Ni, Tàbí Kí A Tún Èyí Tí A Ní Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú

   

Ọ̀rọ̀ tí Ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gba sùúrù: àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwé àti ní yàrá ìkàwé, ṣé kí a pa wọ́n tì, kí a ra èyí tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ti ìran tuntun, tàbí kí a tún àwọn tí a ní ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a pààrọ̀ gbogbo wọn kíákíá. Àwọn àgbà ní ohun tí kò tíì bàjẹ́ kò yẹ ní jíjù nù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè; ìhà méjèèjì ni òtítọ́ wà. Ṣùgbọ́n owó tí a ó ná, owó tí àgbẹ̀, oníṣòwò, ahunṣọ àti awakọ̀ dá ni. A kò gbọ́dọ̀ ná an nítorí pé nǹkan tuntun wù wá, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọ́dọ̀ há a mọ́wọ́ kí àwọn ọmọ wa wá di ẹni ẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Kí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà?

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní processor ni a ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà níhìn-ín. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò, tí ó ń gba àṣẹ, tí ó sì ń mú un ṣẹ. Ní ọdún 1971 ni ilé iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n pè ní 4004 jáde. Ó kéré tó èékánná, nǹkan bí 2,300 transistor sì ni ó wà nínú rẹ̀. Lónìí, transistor tí ó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré tí ọmọ ilé ìwé ń gbé sápò ti di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Gordon Moore, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Intel sílẹ̀, ti sọ ọ́ láti ọdún 1965 pé iye wọn yóò máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975 ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ pé ọdún méjì-méjì ni yóò máa jẹ́. Ìdí nìyí tí ìran kan fi ń lé ìran kejì lójú, tí ohun tí a rà lánàá fi dà bí ohun àtijọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ tí gbogbo Òkè-Ògùn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wo ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ fúnra rẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òwú tí ó tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ tètè ń tó ni RAM. Yàrá ẹ̀yìn tí ìyókù òwú wà ni háàdì dísíìkì. Bí ọwọ́ ahunṣọ bá yá bí mànàmáná, ṣùgbọ́n tí òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ọmọ tí a ń rán lọ sí yàrá ẹ̀yìn sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, aṣọ kò ní tètè parí. Ẹni tí kò mọ̀dí yóò ní ahunṣọ ni ó lọ́ra, kí a wá ahunṣọ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń bú pé ó ti gbó: ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ọmọ tí ń gbé òwú ni ó ń falẹ̀.

Kí ni ó fà á tí ìbéèrè yìí fi dé báyìí?

Ilé iṣẹ́ Microsoft gbé Windows 10 jáde ní ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún un, àfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, tí ó dé oṣù kẹwàá ọdún 2026. Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ó ní òfin tirẹ̀: yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kò gba ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, ìran kẹjọ náà sì jáde ní ọdún 2017. Ó tún ń béèrè fún ẹ̀rọ ààbò kékeré tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti RAM tí kò dín ní 4GB.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa. Kọ̀ǹpútà tí ó ní Windows 10 kò kú ní ọjọ́ náà. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó yí padà ni pé bí olè bá rí ihò tuntun lára ilé náà, kò sí káfíńtà tí yóò wá dí i mọ́. Fún ẹ̀rọ tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ti ń tẹ̀wé, tí kò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ewu náà kéré. Fún ẹ̀rọ tí akápò fi ń wo owó Ẹgbẹ́ ní báńkì, ewu náà pọ̀. Nítorí náà, ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe ni a ó wò kí a tó dájọ́ fún un.

Bí a ti ń mọ ìran ọpọlọ kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni a ti rẹ́ jẹ lọ́jà nítorí àìmọ̀ yìí. Wọn a dé Ìbàdàn tàbí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ẹni tí ń tà á a sì sọ fún wọn pé, “i7 ni èyí, kò sí èyí tí ó jù ú lọ.” Ẹ̀yin ará, i3, i5 àti i7 jẹ́ ipò láàárín ìran kan náà, bí ipò àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti àgbà nínú agbo ilé kan. Wọn kì í ṣe orúkọ ìran. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó ń sọ ìran. Bí ẹ bá rí i5-3320M, 3 ni ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, ìran kẹta sì ni, ti ọdún 2012. Bí ẹ bá rí i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ti ọdún 2017. Bí ó bá jẹ́ i5-10210U tàbí i5-1135G7, ìran kẹwàá àti ìkọkànlá nìwọ̀nyẹn, nítorí pé 10 àti 11 ni ó bẹ̀rẹ̀ wọn.

Ẹ wá wò ó: i7-2620M jẹ́ ìran kejì, ti ọdún 2011, òṣìṣẹ́ méjì péré ni ó sì ní nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní core. i5-8250U tí orúkọ rẹ̀ kéré sí i ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ẹni tí ó sanwó i7 nítorí orúkọ ti ra àgbà tí agbára ti tán, ó sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí yóò ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, kí ó ka nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀ lójú rẹ̀. Kí ó má gba ti bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

Ṣé ọpọlọ nìkan ni a lè pààrọ̀?

Àwọn kan ti bi wá pé, kí ló dé tí a kò fi lè yọ ọpọlọ àtijọ́ kí a fi tuntun sí i nínú ẹ̀rọ kan náà? Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti jáde láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n ti jó ọpọlọ náà mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò ṣe é yọ láìba nǹkan jẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ó ṣe é yọ, ṣùgbọ́n ihò tí ó wọ̀ ń yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Ọpọlọ ìran kejì àti ìkẹta ń wọ ihò kan náà. Ìran kẹrin ní ihò tirẹ̀. Ti ìran kẹjọ kò bá bọ́ọ̀dù wọn mu rárá. Bí a bá sì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, RAM àtijọ́ kò ní bá a mu pẹ̀lú. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpọlọ nìkan yóò rí i pé òun ti ra odidi ẹ̀rọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní “ẹ jẹ́ kí á gòkè sí ìran tuntun,” ohun tí a ń sọ gan-an ni pé “ẹ jẹ́ kí á ra kọ̀ǹpútà mìíràn.” Ó yẹ kí ìpàdé mọ èyí kí ó tó dìbò.

Iṣẹ́ wo ni a fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù lọ ni ìdánwò JAMB. Ní ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni kò ti sí ti orí bébà mọ́. Ní ọdún 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé ìjọba fẹ́ kí ti WAEC àti NECO náà di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ó wà ní abúlé lẹ́bàá Ìgànná tàbí Kíṣí, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di ọjọ́ ìdánwò, ti fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí ó tó jókòó. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdánwò náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ? Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni àkókò rẹ̀. JAMB sì ti ṣètò rẹ̀ kí ọmọ tí kò mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo rẹ̀: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ọkàn padà. Kò sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ìran kẹta tí kò lè gbé ìbéèrè 180 jáde. Bí ọmọ wa bá kùnà, kì í ṣe ìran ọpọlọ ẹ̀rọ ni yóò fà á. Àìrí ẹ̀rọ lò tó, àìsí iná, àti àìsí olùkọ́ tí yóò jókòó tì í ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Àwọn kan lè sọ pé kí a kúkú sọ yàrá wa di ibùdó ìdánwò. JAMB ń béèrè pé kí ibùdó bẹ́ẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tí kò dín ní 250, pẹ̀lú àfikún fún ìpamọ́. Ẹrù ńlá ni ìyẹn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ibi ìgbáradì ni a lè gbé ró báyìí, kí a sì gbé e ró dáadáa.

Lóòótọ́, iṣẹ́ wà tí ìran àtijọ́ kò lè ṣe. Ọ̀dọ́ tí ń ya àwòrán ilé, tí ń ṣe fídíò, tàbí tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti fi wá oúnjẹ òòjọ́ nílò agbára. Akẹ́kọ̀ọ́ Póólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí tàbí ti ẹ̀ka LAUTECH ní Ìsẹ́yìn lè nílò rẹ̀ pẹ̀lú. A kò gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọkọ́ tí ó ti jẹ roko àkùrọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti borí wa nínú àríyànjiyàn, ó sì yẹ kí a gbà fún wọn. Gbogbo wa ni a mọ bí iná ìjọba ti ń ṣe ní agbègbè wa. Ẹni tí kò ní sólà yóò tan jẹnẹrétọ̀, owó epo bẹntiróòlù sì ti kúrò ní ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní ọdún 2023. Ìran tuntun kì í jẹ iná bí ti àtijọ́. Wáàtì 35 ni Intel kọ sára i5-3320M. Wáàtì 15 ni ó kọ sára i5-8250U, tí ó sì tún lágbára jù ú lọ. Bí ogún ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ takuntakun lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ nìkan yóò gba nǹkan bí wáàtì 700 lọ́dọ̀ ti ìṣáájú, yóò gba 300 lọ́dọ̀ ti ìkejì. Wáàtì 400 tí ó wà láàárín wọn jẹ́ owó pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí a kò ní rà. Nítorí náà, bí a bá ń ṣírò iye tí ẹ̀rọ tuntun yóò ná wa, kí a ṣírò iye iná tí yóò dá padà fún wa pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ owó

Ọjà òkèèrè ni kọ̀ǹpútà, dọ́là ni a fi ń rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ohun tí Ẹgbẹ́ lè rà mẹ́ta nígbà náà ti di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún èyí tí ó wà nílé ṣe. Bí a bá yọ háàdì dísíìkì àtijọ́ tí ń yí, tí a fi SSD sí i, tí a sì sọ RAM di 8GB, ẹ̀rọ ìran kẹrin tí ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó jí yóò máa jí kí a tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Owó RAM tuntun ti gbé sókè káàkiri ayé láti ìparí ọdún 2025. Nítorí náà kí àwọn oníṣẹ́ wa máa yọ RAM ẹ̀rọ tí ó ti kú sí èyí tí ó wà láàyè, bí irú wọn bá bára mu.

Ìmọ̀ràn wa

Èkíní, kí a yan oníṣẹ́ méjì àti olùkọ́ kan láti ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. A kò lè pín ẹrù tí a kò tíì tú.

Èkejì, èyí tí ó bá jẹ́ ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a gbé e bọ́ sí Windows 11. Lórí irú èyí nìkan ni kí akọ̀wé àti akápò ti máa ṣe iṣẹ́ Ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wà láàárín ìran kẹta sí ìkeje, kí a fi SSD sí i, kí a sì fi Linux Mint tàbí Ubuntu sí i. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń rí àtúnṣe ààbò gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun àjèjì ni, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọmọ tí kò tíì lo ọ̀kan rí, gbogbo rẹ̀ ni ó ṣàjèjì sí i. Bọ́tìnnì A kò yí padà.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá fẹ́ ra, kí ó má ṣe dín ní ìran kẹjọ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe lé ìran tí ó jáde lónìí. Ìran tí ó ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́jà ni owó rẹ̀ ti wálẹ̀ tí agbára rẹ̀ sì ṣì pé. Díẹ̀ ni kí a rà báyìí, fún àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ wọn ń béèrè agbára.

Ẹ̀karùn-ún, owó tí ó bá kù, kí a pín in sí méjì: ìdajì fún sólà, ìdajì fún owó oṣù olùkọ́. Ẹ̀rọ tí kò ní iná jẹ́ àpótí. Ẹ̀rọ tí kò ní olùkọ́ jẹ́ ohun ìṣeré.

Sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi

Nítorí òfin Windows 11 yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó ń kó ẹ̀rọ ìran kẹfà àti ìkeje sílẹ̀. Inú wa yóò dùn bí ẹ bá bá wa gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ tàn wọ́n wò. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná tòkunbọ̀ ni ó ń wọ Nàìjíríà lọ́dún ní 2015 àti 2016, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ a di ìdọ̀tí tí ó ní májèlé, tí àwọn ọmọdé ń dáná sun láti yọ wáyà. Ilẹ̀ tí a ti ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò yẹ ní ààtàn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ṣájà rẹ̀ sí i. Ẹ pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ka ara ṣájà náà bóyá ó gba iná 240, nítorí iná tiyín kò tó tiwa. Ti ìlú Ọba ń bá tiwa mu.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò sọ pé kí ìlú wa dúró lẹ́yìn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtẹ̀síwájú kì í ṣe nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀rọ. Iye ọmọ tí ó jókòó sídìí rẹ̀, tí ó sì dìde pẹ̀lú ìmọ̀, ni a ó fi wọn Ẹgbẹ́ yìí. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí ìmọ̀ràn wọ̀nyí, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde. Bí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, a ṣe tán láti tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe, kí ó fi ọgbọ́n fún àwọn ọmọ wa, kí ó sì mú àwọn tí ó wà lájò padà wálé láyọ̀. Àmín.